Ẹni Tó Ń Kan Fèrèsé Baba Máfúnun

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni aṣọ́gbó fi kun pátákó mọ́kànlá tó wà létí igbó náà: MÁ FÚN ẸRANKO LÓÚNJẸ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Baba Máfúnun nìyẹn, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Ó ti mú kí ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa èérún bísíkíìtì lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún tajátẹran: ẹranko tó bá ti jẹun lọ́wọ́ èèyàn kò ní bẹ̀rù èèyàn mọ́, yóò buni jẹ lọ́jọ́ kan, ìbọn ni yóò sì parí ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, nǹkan kan kan fèrèsé ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń retí òun. Aṣọ́gbó dìde. Ó ṣí i. Ọ̀bọ àgbà kan tí etí rẹ̀ ya ló jókòó síbẹ̀, ó tẹ́wọ́. Kò tilẹ̀ wo ojú aṣọ́gbó. Àga tí ìyàwó máa ń jókòó sí ló ń wò.

Ó pa fèrèsé dé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀bọ náà tún kàn án. Nígbà tó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyẹn wolẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú. Màmá ló máa ń fún un ní búrẹ́dì, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ẹ ti máa ń wọgbó nígbà yẹn.”

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tirẹ̀, ìta ló pín gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà sí.

Kò fún ọ̀bọ náà ní nǹkan kan. Síbẹ̀, ojú aṣọ́gbó ti máa ń là kí ó tó kan fèrèsé. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í pé òun ń retí ẹ̀. Ebi wá lé ọ̀bọ lọ sílé àwọn ẹlòmíì. Ó já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ aránṣọ, ó sì bu ọmọ náà jẹ. Aránṣọ mú ọmọ náà, tí wọ́n ti fi aṣọ di ojú ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wá bá aṣọ́gbó. Kò pariwo rárá.

“Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé yóò buni jẹ, Bàbá. Ẹ sọ ohun tó kù fún ọmọ yìí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ́gbó gbé ìbọn, ó sì ṣí fèrèsé kí wọ́n tó kàn án. Ọ̀bọ kò sá. Ó tẹ́wọ́, ó yọrùn wo àga.

“Kò sí nílé,” ni aṣọ́gbó wí fún un. “Ó ti lọ.”

Ó gé búrẹ́dì fún un, ó dúró títí ọ̀bọ fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló yìnbọn fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, kò sí ẹni tó kan fèrèsé. Ó jókòó sórí àga ìyàwó rẹ̀ títí oòrùn fi yọ. Kò tíì sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó wá sun ún wàyí. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gé búrẹ́dì, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì padà lọ jókòó.