Òwú Lórí Kòtò Ẹja

Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹyẹ ni mo fi ṣe àwáwí.

Ahunṣọ òfì ni bàbá mi n'Ísẹ́yìn, títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Nígbà tí kò rí òwú mọ́, ó jókòó sílé, ó ń bá gbogbo wa jà. Lọ́dún yẹn náà ni mo gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, mo kó ọmọ ẹja àrọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí àkò fi mọ ọ̀nà ilé wa, ẹyẹ eléérú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí í dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí yóò kàn ṣàdédé na ọrùn. Mo gbé àpótí fún bàbá mi, mo ní kí ó máa bá mi lé wọn.

Inú rẹ̀ dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó ti débẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Bí ó bá gbọ́ tí omi ta, á na ọ̀pá sókè: "Olè! Kúrò níbẹ̀!" Ìjà tán nílé. Ó tún ń jẹun. Ìyá mi ní ara ọkọ òun ti yá.

Àmọ́ ẹja ń dín. Lọ́jọ́ kan, mo bá àkò létí kòtò, kò jìnnà sẹ́sẹ̀ bàbá mi rárá, ẹja ń jà pìtìpìtì lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi kọjú sí òdìkejì, ó ń halẹ̀ mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ẹ ò ríran, Baba! Ẹyẹ ń jẹun níwájú yín!"

Ó ń fi ọwọ́ nu ọ̀pá rẹ̀.

Mo ní a ó ta òwú sórí omi kí àkò má lè dé ọ̀dọ̀ ẹja. Òun fúnra rẹ̀ ló ta á. Ó ní n kò mọ̀ ọ́n ta, òótọ́ sì ni. Mo kan èèkàn yí kòtò ká. Ó gbé òwú ọ̀rá tó ṣẹ́ kù nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wọn àlàfo, ó ń nà án láti èèkàn dé èèkàn bí ó ṣe máa ń ta òwú aṣọ. Kò sí èyí tó dẹ̀. Ó ń kọrin. Mo mọ ohun tí òwú yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń darí ọwọ́ rẹ̀ sí èèkàn tó kàn.

Lọ́jọ́ kẹta, àkò kan há sínú òwú, apá rẹ̀ kán. Ọ̀pá bàbá mi ni mo fi lù ú pa. Mo so ó rọ̀ mọ́ èèkàn kí àwọn yòókù lè rí i. Wọn ò wá mọ́.

"Ṣé kí n ṣì máa jókòó níbẹ̀?" ni bàbá mi bi mí.

"Ẹ máa sinmi, Baba. Kí lẹ tún fẹ́ ṣọ́?"

Síbẹ̀ ó ń lọ. Ó ń jókòó ti kòtò tí ẹyẹ kankan kì í bà sí, òkú ẹyẹ yẹn ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé òwú mẹ́fà ti di gígé láàárín. Wọn ò já. Abẹ ló gé wọn, ojú ibi tó gé gún régé. Abẹ tí bàbá mi fi ń gé aṣọ lórí òfì wà lábẹ́ àpótí. Bàbá mi náà wà lórí àpótí, ó kọjú sí ihò tó là sáàárín òwú, ó ń retí.

Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀. Ẹja mélòó ni àkò fẹ́ jẹ? Ṣùgbọ́n inú bí mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Mo gba abẹ, mo gba ọ̀pá, mo ní kí ó dìde, mo gbé àpótí wọlé. Mo ra àwọ̀n onírin, mo fi bo gbogbo kòtò.

Ẹja tóbi. Mo se èyí tó tóbi jù, mo gbé e fún un nínú yàrá tí kì í jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ó fi ìka kàn án, ó sì rọra ti abọ́ náà padà.

"Ṣé wọ́n ṣì ń wá?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní wọ́n ń wá, yóò dìde.

"Wọn ò wá mọ́," ni mo wí.