Ẹja Lórí Dáṣíbọ́ọ̀dù

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja gbígbẹ tí iná ń jó, èébì á gbé mi. Kì í ṣe ẹja ló jẹ̀bi. Àgbàlagbà kan ni.

Rewáyà ni mí ní Kanifing, lẹ́bàá Banjul, kí ọdún ẹgbàá tó wọlé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbé iṣẹ́ iná mọ́tò wá. Olùkọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ wa, ti gbà láti fẹ́ mi, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí òun ò fojú rí. Ni ìyá náà, tí mò ń pè ní Màmá, bá gbéra nílé, wọ́n gba orí ilẹ̀ títí dé Barra, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Banjul. Àwọn èèyàn mi ò sí nítòsí, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbà láti dúró bíi bàbá fún mi. Mọ́tò rẹ̀ la gbé lọ pàdé Màmá ní èbúté. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi pè é ní "wọ́n".

Ó ń ta gẹ́ẹ̀jì, ẹja tí àwọn Wolof máa ń jẹ́ kó rà díẹ̀ kí wọ́n tó sá a. Èyí tí kò bá gbẹ dáadáa, orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń sá a sí, lábẹ́ gíláàsì iwájú, kí oòrùn bá a parí iṣẹ́. Ọ̀rá ẹja á máa kán gba ihò atẹ́gùn wọ inú wáyà. Aáyán gbọ́, wọ́n kó ẹbí wá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ kí n tú u fọ̀, ó ní kí n má fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù òun.

Èyí tó tún burú ni bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù. Nínú irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan wà lẹ́yìn bọ́tìnì náà, wọ́n lọ́ ọ bíi sípíríǹgì. Bí o bá yí i sókè pátá, iná ò ní gba ara wáyà yẹn, gílóòbù á mọ́lẹ̀ kedere. Bí o bá yí i sílẹ̀, iná á la wáyà náà já kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, èyí tí gílóòbù ò sì rí lò á di ooru. Ó lè gbóná débi tí kò ní ṣe é fọwọ́ kàn. Alàgbà gbà pé bí òun bá dín iná kù, bátìrì òun á pẹ́. Mo ṣàlàyé títí, ìsàlẹ̀ ló ṣì ń yí i sí. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Tirẹ̀, bátìrì ló rí.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń ṣú lọ, nígbà tí a gbé Màmá. Wọ́n jókòó níwájú, báàgì wọn wà lórí itan, èmi jókòó lẹ́yìn, mo káwọ́ bí ọmọ dáadáa. Alàgbà tan iná mọ́tò, ti dáṣíbọ́ọ̀dù náà ṣẹ́jú bàìbàì. Kò pẹ́ tí òórùn dé. Ọ̀rá ẹja, ìgbẹ́ aáyán, aáyán fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ń yan papọ̀ lórí wáyà gbígbóná. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Èébì gbé Màmá, wọ́n fi etí gèlè bo imú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí, "ẹ bá wa yí iná yẹn sókè, òórùn náà á lọ sílẹ̀."

"Kí bátìrì mi lè kú sójú ọ̀nà? Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Òórùn ẹja ò pààyàn."

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Òun ló máa bá mi tọrọ ìyàwó lọ́la. Bí mo bá rí i fín lójú ẹni tó wá wò mí, ọ̀rọ̀ ìyàwó tán nìyẹn. Ọmọ wo ló ń na ọwọ́ kọjá èjìká àgbà? Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ń fi imú kọ orin ìyìn. Ìríra rẹ̀ kún inú mi ju ti òórùn náà lọ.

Nígbà tí èébì gbé Màmá lẹ́ẹ̀kejì, mo na ọwọ́, mo yí bọ́tìnì náà sókè pátápátá. Dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ yòò. Gbogbo wa rí àwọn aáyán tó ń rìn kiri lẹ́yìn gíláàsì mítà.

Ó tẹ bíréèkì. "Bọ́ sílẹ̀! Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́! Lọ wá bàbá mìíràn tó máa bá ọ tọrọ ìyàwó!"

Àdúgbò Campama la wà, gọ́tà sì ti kún bo títì. Mo bọ́ sílẹ̀, omi dúdú wọ inú bàtà mi. Mo ń wo ẹ̀yìn orí Màmá, mo sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Màmá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi náà, wọ́n bì, wọ́n fi etí ìró nu ẹnu. Alàgbà ń pariwo pé kí wọ́n jọ̀ọ́ padà wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n na báàgì wọn sí mi.

"Ọkọ ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ibo la ti máa rí táksí?"