Ìdá Mẹ́ta Àgbò Iléyá

Nígbà tí mo ṣì kéré, lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: ìṣirò ìdá. Ẹ̀yin àbúrò mi, kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ o. Ìsọdipúpọ̀ wà lórí mi bí orin, títí dé méjìlá lọ́nà méjìlá. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti kọ ìdá sójú pátákó, àyà mi á já.

Tíṣà ránṣẹ́ sí bàbá mi. Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ lo máa pín ẹran Iléyá ọdún yìí. Bí o bá pín in dáadáa, wàá lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Bí o bá ṣì í pín, wàá tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀."

Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta là ń pín àgbò sí nílé wa: ìdá kan fún ẹbí àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní, ìdá kan fún àwa onílé. Wọ́n pa àgbò, wọ́n gé e, wọ́n fi ewé dì í sí ìdì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó dọ́gba. Mo kó mẹ́sàn-án fún ẹbí. Ó ku méjìdínlógún. Mo tún pín ìyẹn sọ́nà mẹ́ta, mo kó mẹ́fà fún aláìní. Ó ku méjìlá. Mo ní tiwa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàtẹ́wọ́. "Akọ̀wé! Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, tiwa ti pọ̀!"

Ojú Bàbá yí padà. Màmá àgbà, ìyá wọn, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé rí, fi ọ̀pá tọ́ka sí ìdì mẹ́fà náà. "Ìwé yìí mà ti gba ẹran lẹ́nu aláìní! Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kó o pín?"

"Àgbò ni, Màmá."

"Èyí tó o pín lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

Omi ti ń bọ́ lójú mi, àmọ́ mo rí i. "Ìyókù ni mo pín, Màmá. Mi ò pín àgbò." Mo mú mẹ́ta nínú tiwa, mo kó o sórí ti aláìní. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án.

"Ó ṣáà ṣì í pín," ni Bàbá wí.

"Ó ṣì í, ó sì mọ ibi tó ti ṣì í," ni Màmá dá wọn lóhùn. "Ìwọ tó jẹ́ pé ojú lo fi ń wọn ẹran Iléyá láti ọjọ́ yìí wá, ta ló lé ọ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Bí mo ṣe wọ sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn.

Màmá àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí alùjánnà. Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré ti ń dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, èsì á jáde kí n tó ṣẹ́jú. Ó wù mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo ní i lọ́jọ́ náà, tí mo ní kó pín méjìdínlógún sọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà lòun náà ì bá sọ, kò sì ní jẹ̀bi. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ bi ọmọ pé kí ló ń pín. Èmi rí ẹni bi mí. Mo dúpẹ́.