Tíṣà Hannah àti Mọ́tò Tó Ku Ẹnìkan

Tíṣà tó ń gbé lọ́dọ̀ mi kì í béèrè ibi tí mọ́tò ń lọ kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ má rò pé mò ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Hannah ni orúkọ rẹ̀. Cape Coast, ní ilẹ̀ Gánà, ló ti wá máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Odìgbó níbí. Èmi Ìyá Motún ni onílé rẹ̀. Motún ọmọ mi ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò, yàrá rẹ̀ ni mo fún tíṣà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ní àbùkù. Kì í na ọmọ, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Nírọ̀lẹ́, á gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á bá mi bó ẹ̀gẹ́, á sì máa ròyìn Gánà títí etí mi á fi kún. Ó máa jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ mi tán pátápátá, á wá ní báńkù, òkèlè tiwọn, dùn jù ú lọ. Mo ní, "Gbéra nígbà náà, kó o lọ jẹ báńkù." Á rẹ́rìn-ín, á tún bu ọbẹ̀ sí i.

Sátidé ni wàhálà rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ọkọ̀ ṣe máa ń pariwo lábẹ́ bíríìjì Òrè bí mọ́tò bá ti fẹ́ kún: "Ó ku ẹnìkan! Ó ku ẹnìkan!" Ẹni tí orí rẹ̀ pé á kọ́kọ́ béèrè pé níbo. Hannah á kàn wọlé, á jókòó, á sanwó. Bó ṣe mọ ìlú Omifunfun nìyẹn, bó ṣe mọ Ajue nìyẹn. Á padà dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ rí fún un.

"Màámi," ó ní, "èmi ni wọ́n ń dúró dè. Tí mi ò bá wọlé, wọn ò ní gbéra."

"Ìwọ ti dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ sọnù, ta ló máa dá ìyá ẹ lóhùn?"

Ìyá rẹ̀ gan-an ló ń kó mi láyà jẹ. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè mí. Òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń sọ píjìn, a sì ń gbọ́ ara wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ pé, "Màmá, mo fi ọmọ mi lé yín lọ́wọ́." Mo ní kò séwu. Ọmọ tí wọ́n bá fi lé èèyàn lọ́wọ́ wúwo ju ọmọ ẹni lọ. Mi ò rí obìnrin náà rí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó sunkún nítorí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ilẹ̀ ṣú, Hannah ò dé. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Oúnjẹ rẹ̀ tutù lórí tábìlì. Mò ń bú u, mo sì ń sunkún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dípò kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ bíríìjì ni mo gbà lọ. Ìyá rẹ̀ máa pè lọ́sàn-án, kí sì ni màá wí? Rìlwánù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe èrò, rántí rẹ̀.

"Tíṣà Gánà? Mọ́tò Agbabu ló wọ̀ lánàá, Màmá."

"Èwo ló ń lọ síbẹ̀ báyìí?"

"Èyí náà ni. Ó ku ẹnìkan."

Mo pòṣé, mo wọlé.

Mi ò dé Agbabu rí láyé mi. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ọ̀dà dúdú tó wà nínú ilẹ̀ wọn, tí ìjọba ti ń sọ látìgbà tí mo wà lọ́mọge pé àwọn máa wà jáde, ṣé èmi ni n ó lọ bá wọn wà á ni? Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to èébú jọ. Mo tò ó dáadáa, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n júwe ilé ìyá àgbà kan fún mi. Ibẹ̀ ni mo bá tíṣà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúdú kirikiri dé ojúgun, ìyá náà ń fi epo pupa àti àkísà nù ún. Ó lọ wo ọ̀dà tí oòrùn ti yọ́, ó sì kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí i. Bàtà rẹ̀ kò jáde mọ́, fóònù rẹ̀ bọ́ sí i, nígbà tí wọ́n sì fi máa fà á yọ, mọ́tò ti lọ.

Ó gbójú sókè. "Màámi! Ta ló gbé yín dé ibí?"

"Mọ́tò tó ku ẹnìkan ni."

Mo la ẹnu láti bú u, èébú kan ò jáde. Ẹ̀rín ni mo bú sí, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún. "Ọma mi," ni mo ń wí ṣáá. Mo jókòó sílẹ̀, mo gba àkísà lọ́wọ́ ìyá àgbà, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan mi, mo ń nù ún. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí gan-an, mi ò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Màmá, ọmọ mi ńkọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ dúdú náà. Mi ò lè purọ́. "Ó rìn lọ sí Agbabu, ìyá. Kò wálé lánàá. Mo ti wá a dé ibí, òun nìyí níwájú mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ láti kékeré, Màmá. Mi ò retí kẹ́ ẹ dá a dúró. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ni ẹni tó máa wá a lọ."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Rìlwánù rí Hannah lábẹ́ bíríìjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́: "Tíṣà, ẹ sáré! Ó ku ẹnìkan!"

Hannah mi orí. "Ẹ máa lọ. Èyí tó ku ẹni méjì là ń dúró dè."

Èmi ni mo dúró tì í, mo wé gèlè, mo gbé púpurú dání. "Níbo nìyẹn máa ń lọ ná?" mo bi í.

"Màámi," ó ní, "a kì í béèrè."