Púpurú Tó Lọ Wo Òkun

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìlútítun, kí àwọn àkùkọ tó parí àríyànjiyàn wọn. Dúpẹ́, àkọ́bí mi obìnrin, ló ní dandan kí n lọ gbafẹ́. Ó ní láti ìgbà tí a ti sin ìyá òun ni mo ti ń jókòó sídìí ààrò bí ológbò, pé kí n lọ síbi ìgbafẹ́ kan tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi lára. Láyé ìsinsìnyí, ọmọ ló ń rán òbí níṣẹ́. Mo gbà.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń lọ. Ọmọ́wùmí, aya mi, kò rí òkun rí títí ó fi kú. A ti jọ pète ìrìn àjò náà, a ní bí a bá ti ta epo ọdún náà tán ni a ó lọ. Àìsàn ló kọ́kọ́ dé. Púpurú tó mọ kẹ́yìn ṣì wà lórí àjà ìdáná. Fún ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ wa, ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a fún, tí a mọ roboto, tí a sì gbé sórí èéfín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dú bí ìdí ìkòkò ni púpurú. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù. Orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, nítorí àtàǹpàkò ni Ọmọ́wùmí fi ń ṣàmì sí tirẹ̀, kí obìnrin mìíràn má baà ṣì í mú lórí àjà tí gbogbo agboolé jọ ń lò. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo fi gèlè rẹ̀ kan wé e, mo gbé e sínú àpò. Yóò lọ wo òkun, yóò sì padà sórí àjà.

Akínwùmí ló fi takisí gbé wa dé Òkìtìpupa, ẹgbẹ̀rún kan náírà lórí ẹnì kan, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú. Kòtò ojú ọ̀nà yẹn ti dàgbà. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Akínwùmí bi mí ìdí tí mo fi gbé àpò lé itan bí ẹni gbé ẹyin. Mo ní ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Ní Igbókòdá, a wọ ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì. Ọlọ́runwá, awakọ̀ rẹ̀, fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí ó ń rùn bí ẹja. Mo bi í bóyá òun náà yóò wọ̀ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹja kì í wọ bàtà." Mo rí ilé tó dúró lórí òpó nínú omi, àti àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà bí àwa ti ń fẹsẹ̀ rìn. Lọ́dọ̀ wa, inú kàǹga ni omi ń gbé, àwa ń gbé òkè. Níbí, omi yí wọn ká, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi mu.

Ẹnu géètì ibi ìgbafẹ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ni ọlọ́dẹ ibẹ̀, Láyíwọlá, ọmọ Ìsẹ́yìn, bá ní kí n ṣí àpò. Bó ṣe tú gèlè, tó rí nǹkan dúdú roboto pẹ̀lú ojú kòtò lórí, ó fẹ̀yìn rìn.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Púpurú ni."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"A máa ń jẹ ẹ́ ni."

"Ẹ jẹ ẹ́ ká wò."

Òun ló ké sí Mojísọ́lá, obìnrin Ìlàjẹ tó ń dáná níbẹ̀. Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Oúnjẹ lò ń sá fún, Láyíwọlá? Ẹ̀yin ará òkè yìí!" Ṣùgbọ́n òfin ni pé oúnjẹ ilé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, nítorí náà ó gbé e lọ sílé ìdáná. Ojú tì mí láti sọ fún àjèjì pé aya mi ni mo gbé wá. Mo wọlé.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pọ̀. Àga abẹ́ àtíbàbà, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Iyanrìn tí Ọmọ́wùmí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbá kúrò nílé, níbí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó dùbúlẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ kan sanwó láti wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n yí po lójú kan. Obìnrin kan wa tirẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹja nínú agbọ̀n, ó sì wò wọ́n bí ẹni tó rí èèyàn tó sanwó láti fọ abọ́. Ọ̀nì sìmẹ́ńtì kan wà tí wọ́n ń gùn ya fọ́tò. Nílé wa, ẹni tó bá gun ọ̀nì, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń sin ín, bí nǹkan bá ṣẹ́ kù.

Mo wá dúró níwájú òkun. Kò jọ odò rárá. Odò ń lọ síbì kan. Òkun ń bọ̀, ó ń padà, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Mo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọmọ́wùmí, mo nawọ́ sínú àpò. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo bá yí padà láti lọ bẹ Mojísọ́lá pé kó dá a padà fún mi.

Ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú àwo lórí ọwọ́. Ó ti họ èéfín ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti gún un, ó ti rò ó, ó fi ọbẹ̀ ẹja tútù tì í, gèlè wà lábẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa. "Bàbá mi, ẹ jókòó."

Ní ilẹ̀ wa àti tiwọn, bí àgbà bá gbé púpurú rìnrìn àjò, tí ó sì dé ọwọ́ obìnrin tó ń dáná, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ohun tí wọn yóò fi ṣe. Èmi gan-an, bó bá jẹ́ ilé mi ni, ohun tí n óò ní kí Ọmọ́wùmí ṣe fún àlejò nìyẹn. Mo jókòó, mo kọjú sí òkun. Òkèlè àkọ́kọ́ kò fẹ́ lọ. Èéfín ilé ìdáná wa ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ.

Láyíwọlá wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo ní kó fọwọ́. Ẹni tó sá fún púpurú láàárọ̀ bá mi jẹ ẹ́ títí ó fi ń lá ìka.

"Bàbá, ta ló ṣe é?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Ọwọ́ wọn dára."

Mo ní n óò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Mo kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí a sin ín sí. Mo ní Láyíwọlá ọmọ Ìsẹ́yìn ní kí n kí i, pé ọwọ́ rẹ̀ dára, pé òkun ń bọ̀, ó sì ń padà. Nígbà tí mo wọlé, Dúpẹ́ wo àpò, ó wo àjà, ó bi mí ibi tí púpurú ìyá òun wà.

"Mo ti jẹ ẹ́," ni mo wí. "Rẹ ẹ̀gẹ́ sómi."

Ó lọ gbé ìkòkò. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ náà rọ̀, tí a fún un, tí a sì mọ ọ́n, mo fi àtàǹpàkò tẹ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó gun àjà. Kòtò tèmi tóbi ju ti Ọmọ́wùmí lọ, ó sì wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin agboolé wa tí yóò ṣì í mú.