Ìyá Mi àti Ọ̀rọ̀ Tó Nítumọ̀ Méjì

Ẹnu ni ìyá mi fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìdílé kan bá fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ẹnu Ọ̀wá títí dé Ìsàlẹ̀ Gángan níbi tí ilé wa wà, àwọn ni ìdílé náà máa ń pè láti wá ṣe alága. Wọn kì í pe nǹkan kan lórúkọ ẹ̀ gan-an. Ìyàwó a di òdòdó, ọkọ a di àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí wọ́n bá bá mi wí nílé pàápàá, ó lè di ọjọ́ kejì kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n bú.

Láàárọ̀ Sátidé kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, bútà bọ́ lọ́wọ́ òsì wọn. Mo rò pé ó yọ̀ ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. A sáré gbé wọn lọ sọ́sibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé apá ọ̀tún ọpọlọ wọn, òun ló fà á tí apá àti ẹsẹ̀ òsì ò fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Nígbà tá a padà délé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn já gaara. Gbogbo agboolé ń sọ pé, "Ẹ ṣáà dúpẹ́, Ọlọ́run ò gba ẹnu lọ́wọ́ wọn." Èmi náà ṣe àmín.

Ayálégbé kan wà nísàlẹ̀ tí àjà yàrá ẹ̀ ń jò. A ní kó kó kúrò ká lè tún un ṣe, ó kọ̀. Mo wọlé lọ bá ìyá mi, mo ní, "Màámi, ọkùnrin yẹn ti fi àáké kọ́rí o."

Wọ́n gbé orí sókè lójijì. "Àáké kẹ̀? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Lọ pe èèyàn kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ wọn. Àmọ́ wọ́n ti gbára lé ọ̀pá wọn, wọ́n ń lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí ẹlòmíì nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ àbúrò bàbá mi fẹ́ lọ́kọ, ìdílé wa sì ní kí ìyá mi ṣe alága, pé ó máa jẹ́ kí ara wọn yá. Mo gbà.

A ò ju ogún lọ ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé ọkọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín. Ó wù wá, a fẹ́ já a lọ sílé."

Ìyá mi wò ó títí, wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n tún wò ó. "A ò ní ọgbà níbí. Kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ wa. Bóyá ilé ibòmíì lẹ̀ ń wá."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Gbogbo èèyàn rò pé alága ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Obìnrin náà ní, "Ẹ má lé wa o, òdòdó yẹn ti ta sánsán dé ọ̀dọ̀ wa."

"Mo ní kò sí òdòdó níbí! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Màámi, ọmọ wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ìyàwó."

"Kí ló wá dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹlòmíì gba iṣẹ́ náà ṣe. Mo mú wọn lọ sí yàrá. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Èmi náà máa ń sọ irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

"Ẹ máa ń sọ ọ́, Màámi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ tó yín."

Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún.

Nígbà tá a padà lọ sọ́sibítù, obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ń dà láàmú ṣàlàyé fún mi. Ó ní apá òsì ọpọlọ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀, tìyá mi sì wà láìfarapa. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ mìíràn lábẹ́, ọpọlọ ní láti wo ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tó ti ń sọ ọ́, kó gbé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ jù sílẹ̀, kó sì wá èkejì. Apá ọ̀tún máa ń kópa gan-an níbẹ̀. Mo ní, "Ṣebí wọ́n ṣì máa ń gbọ́ 'inú mi dùn'?" Ó ní ìyẹn ti wọ́pọ̀ jù, pé ọpọlọ ò wá inú kankan níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ó máa padà?"

"Díẹ̀ lè padà. Ẹ ṣáà máa la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún wọn."

Mo là á mọ́lẹ̀. Ó di ọjọ́ tí àkọ́bí ọ̀rẹ́ wọn wá láti Ẹnu Ọ̀wá. Láti ilé kéú ni ọ̀rẹ́ náà ti jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Obìnrin tó wá náà jókòó, ó ní, "Ìyá wa ti fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora láàárọ̀ yìí."

"Ilẹ̀ kẹ̀? Òtútù á mú un o." Ìyá mi na ọwọ́ ọ̀tún sí aṣọ tó wà lórí àga. "Gbà, mú eléyìí lọ fún un."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò fi ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí nípa àgbàlagbà, àmọ́ kò sẹ́lòmíì tó máa sọ ọ́. "Màámi, wọ́n ti kú."

"Ó kú?"

"Wọ́n kú láàárọ̀ yìí."

Igbe tí wọ́n ké, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sáré gòkè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ìdí tí àwọn tó ṣáájú wa fi wọ aṣọ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá di ti ìyá mi, kò sí aṣọ kankan tí mo lè wọ̀ fún un mọ́.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n síbi ìdána mọ́. Àlejò ti dínkù, àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti ya aláìlójútì. Èmi náà, bí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, nígbà míì mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òjò ń rọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé màá tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Màámi."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n lọ ti fèrèsé, pé òjò ń wọlé.