Ohun Tí Mo Rí Lórúnkún Ruckman

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní ẹni mímọ́. Èmi kì í tètè gbàgbé nǹkan. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Woolwich láti ọdún mọ́kànlá, nítorí náà, ní tèmi, òwe yẹn kì í ṣe òwe lásán.

Iṣẹ́ náà ló kọ́ mi láti máa wo ẹsẹ̀. Kí n tó wo ojú èèyàn, mo ti wo bó ṣe dìde lórí àga: ọwọ́ wo ló fi ti ara rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ló gbé síwájú, ṣé ó dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ láti Thamesmead North, mo máa ń mọ ẹni tí ìbàdí ń dùn nínú àwọn tó jókòó níwájú mi, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ní kí n yéé wo àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á rò pé mo fẹ́ jí báàgì wọn.

Ìyá arúgbó kan wà ní ilé ìtọ́jú wa tó máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi oúnjẹ láràárọ̀, tí á máa fọwọ́ kan ògiri bó ṣe ń lọ. Ní àárọ̀ Tuesday kan, mo rí i pé ó ń sá fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yí, gbogbo ara ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ru omi. Mo lọ bá ọ̀gá wa lórí iṣẹ́ àárọ̀.

Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ọ̀gá yìí, ó sì tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí mò ń lọ ní Abbey Wood. Níbi iṣẹ́, Uncle ni gbogbo wa ń pè é, títí kan mánéjà tó jẹ́ òyìnbó. Ní ìjọ, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i nínú sùtánà funfun rẹ̀.

Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, Mummy room six, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò dáa o. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú notes."

"Ìwọ náà ti di nurse nìyẹn," ló wí. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Fi í sílẹ̀, èmi máa kọ ọ́. Lọ gbé tea fún àwọn èèyàn, jàre."

Mo fi í sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Àgbà ti sọ pé òun á kọ ọ́. Bí mo bá tún lọ kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àfi bíi pé mo pè é ní òpùrọ́. Ọmọbìnrin òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yẹn ì bá ti kọ ọ́, kó fi àkókò àti orúkọ sí i, kò sì ní ro ohun tí ẹnikẹ́ni máa rò. Èmi bọ̀wọ̀ fún àgbà, mo lọ gbé tíì.

Ní Thursday, ìyá náà ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ibi oúnjẹ. Ìbàdí ọ̀tún ṣẹ́.

Mánéjà pè wá jọ. Ó ṣí ìwé, kò rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ nípa ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kíyè sí nǹkan kan. Mo ní mo kíyè sí i, mo sì sọ fún Uncle. Uncle rọra mi orí, bó ṣe máa ń mi í tó bá ń gbàdúrà fún aláìsàn.

"Ó rí i," ló wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, "kò sì sọ."

Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì mi. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni pé mo rí ewu, mo sì dákẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè kọ nípa mi tó lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n ní mo ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ tàbí mo ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Uncle gbé ọwọ́ lé mi lórí ní ìjọ, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún arábìnrin yìí ní ẹ̀mí àkíyèsí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà di eyín mi mọ́ra, mo ṣe àmín. Mo kórìíra rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, láìwọ bàtà nínú ilé Olúwa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá kan wọlé sí room nine. Ará Ọsirélíà ni, ó ti gbé Thamesmead pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò kúrò nídìí bọ́ọ̀lù ilé rẹ̀ rí. Bọ́ọ̀lù wọn ò jọ tiwa. Ó rí gbọọrọ bí ẹyin, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbá a. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, rẹfirí á na bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kó lè ta sókè, ọkùnrin gíga kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì fò lọ bá a lókè láti gbá a sọ́dọ̀ àwọn ará tirẹ̀. Ọkùnrin gíga yẹn ni wọ́n ń pè ní ruckman.

Bàbá dá ìdíje sílẹ̀ láàárín àwa òṣìṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fantasy. Orí fóònù la ti ń ṣe é. Oníkálukú á ṣa ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ látinú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà lóòótọ́ ní Ọsirélíà. Bí wọ́n bá ṣe gbá a sí lọ́sẹ̀ yẹn ni máàkì rẹ ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó o bá sì fi ṣe captain, máàkì tirẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì á kojú ara wọn. Ẹni tó bá gbẹ̀yẹ níkẹyìn ló máa gba ṣáàfù olówùú tí bàbá ti ń wé mọ́ ọrùn láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwa mẹ́jọ la wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo rí orúkọ Uncle lókè, mo fi tèmi sísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mi ò tíì mọ bọ́ọ̀lù náà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo fẹ́ nà.

Bàbá sọ ohun kan fún mi tí mo dì mú. Ó ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ruckman méjì péré, àwọn tó dáa ò sì pọ̀. Bí o bá ṣì wọ́n yàn, kò sí ohun tí àwọn yòókù lè tún ṣe fún ọ. Ruckman ń fò bíi ogójì ìgbà nínú bọ́ọ̀lù kan, á máa balẹ̀ láti òkè pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Mo ní ó yé mi. Nǹkan ẹsẹ̀ nìyẹn.

Àwọn yòókù ń fi irun yàn, tàbí orúkọ tó dùn lẹ́nu wọn. Uncle ń fi máàkì ọ̀sẹ̀ tó kọjá yàn, á sì máa fọ́nnu nídìí ìkòkò tíì. Èmi ra ìwé kékeré kan. Bí mo bá ti gbé oúnjẹ fún bàbá, a ó jọ wo àwọn ruckman lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò sì ní wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń wò, àti bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Mo ń kọ ọ́ bí ẹni kọ notes: ẹni yìí fi òsì fò, ó balẹ̀ dáadáa, ó dìde láìfọwọ́ tilẹ̀. Mo ń fi àkókò sí i. Mo ń fi orúkọ ara mi sí i. Mo ti kọ́gbọ́n.

Mo ń na wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kúùkù, àwọn nọ́ọ̀sì, gbogbo wọn. Ní ìparí oṣù kẹjọ, ó wá ku èmi àti Uncle. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ruckman rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíì rọ́pò kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Friday.

Ní ọ̀sán Thursday, a jọ wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí iṣẹ́ parí. A ti dé Yarnton Way nígbà tó dìde níwájú, tó wá jókòó tì mí. Ó fi fóònù hàn mí. Gìrìpá ọkùnrin kan ló wà lójú rẹ̀, ẹni tí máàkì rẹ̀ ga ju ti gbogbo ruckman yòókù lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra.

"Gbogbo ayé ló ń mú un," ló wí. "Sister, ìwọ lo máa ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ṣé fit ni guy yìí? Tell me the truth o."

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló dé tó fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá figẹ̀ wọngẹ̀. Ó mọ̀ pé mi ò lè parọ́ fún àgbà ni. Ọ̀wọ̀ tó fi jẹ mí níyà lọ́jọ́sí ló tún fẹ́ fi gba ṣáàfù lọ́wọ́ mi.

Ìwé kékeré mi wà nínú báàgì lórí itan mi. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nípa ọkùnrin yẹn. Kì í fẹ́ balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ó ń fọwọ́ ti itan kó tó dìde. Bó bá fẹ́ yí, gbogbo ara ló ń yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wo Uncle lójú. Mo ní, "Uncle, èmi kì í ṣe nurse o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa rántí ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò rántí. Ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, ó mú ọkùnrin náà, ó fi ṣe captain lójú mi níbẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ níwájú àwọn ilé tó kọjú sí ọ̀nà. Mo ń rẹ́rìn-ín nìkan títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi délé.

Ní Friday, nígbà tíì aago mẹ́wàá ààbọ̀, ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, wọ́n sì ti tan iná pápá. Bàbá ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀. Kúùkù wá, àwọn nọ́ọ̀sì wá, mánéjà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife rẹ̀. Ìyá room six wà létí fèrèsé, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í kiri láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Ruckman Uncle fò lẹ́ẹ̀kíní, ó gba bọ́ọ̀lù. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, Uncle pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀, orúnkún náà sì yà síbi tí kò yẹ kó yà sí. Kò dìde mọ́.

Inú mi dùn débi pé mo ní láti gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni Uncle ń wò. Èmi ló ń wò. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló di àyà mú, èmi nìkan ni ẹnu ò yà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì ṣe ń padà wá sí i lọ́kàn.

"O rí i," ló wí. "O rí i, o ò sì sọ." Ó wá tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ilé lè gbọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ ìpàdé.

Bàbá yíjú sí mi. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni.

"Òótọ́ ni," mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Ti ọkùnrin yìí, mo rí i, mi ò sọ. Ti Mummy tó jókòó síbẹ̀ yẹn, mo rí i, mo sì sọ fún yín, Uncle. Ẹ ní kí n lọ gbé tea."

Mánéjà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Uncle bóyá mo sọ fún un. Uncle wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mi orí. Ó ní òun ò rántí. Ẹni tó ṣu náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn, mo sì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ bí ẹran.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń gbé ọkùnrin náà kúrò lórí pápá. Ìyá room six ń wò ó, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun la ń sọ.

"Ọmọ ọlọ́mọ," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. "Àbí kò sẹ́ni tó rí i kó sọ fún un ni?"

Mo bi í bóyá ó fẹ́ tíì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì lọ gbé e.

Èmi ni mo gbẹ̀yẹ. Ṣáàfù bàbá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi di báyìí. Uncle kì í gbé ọwọ́ lé mi lórí mọ́ ní ìjọ, bó bá sì rí mi, á yà sí ọ̀nà ibòmíì. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn rárá. Ọ̀sẹ̀ kejì, mánéjà fún mi ní ìwé kan. Ó ní kí n kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Tuesday yẹn, kí òun lè yọ ìkìlọ̀ náà kúrò nínú fáìlì. Mo jókòó ní kíṣìnì mi, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí mo ti ń tún sọ nínú ọkàn mi láti ìgbà òtútù: èmi kì í ṣe ẹni tó ń rí nǹkan kó dákẹ́.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fagi lé e. Mo kọ ti Tuesday nìkan. Mo fi àkókò sí i, mo fi orúkọ mi sí i.